Eré Sísá fún Ẹni Tí Kò Sáré Rí: Ètò Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá pinnu pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá, ńṣe ló máa ń já wọ títì lówùúrọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Kó tó dé ìkóríta, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Á padà sílé, á ní eré kò bá òun lára mu. Bẹ́ẹ̀ ó kàn sá a jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni.

Ètò tí a kọ síbí yìí, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Josh Clark ló gbé e jáde ní 1996. Couch to 5K ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn láti orí àga dé eré kìlómítà 5, NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà sì ń fi kọ́ àwọn èèyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá lè rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àgbẹ̀ lè béèrè pé: "Èmi tí mo ti roko láti àárọ̀, kí ni mo tún ń sáré fún?" Ìbéèrè gidi ni. Ọkọ́ ń fún apá àti ẹ̀yìn lágbára, ṣùgbọ́n a máa ń roko díẹ̀, a ó nàró, a ó mu omi. Eré á mú kí ọkàn máa ṣiṣẹ́ lọ láìdáwọ́ dúró. Síbẹ̀, ẹ má fi eré kún ìgbà ebè kíkọ. Ẹ dúró kí ìkórè parí, kí ara lè ráyè gbà á.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àti aboyún, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kọ́kọ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ fi oògùn fífà rẹ̀ sílé, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀.

Ẹ má fi sálúbàtà sáré. Bàtà òkìríkà dára, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé e lé orí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: bó bá fì, ẹ má rà á. Kí àyè díẹ̀ wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin nílò kọ́mú tó ń di àyà mú gírígírí.

Ètò náà

Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, bí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5 nígbà gbogbo.

Ọ̀sẹ̀ 1: ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.
Ọ̀sẹ̀ 2: eré ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ìrìn ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀mẹ́fà.
Ọ̀sẹ̀ 3: eré ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ìrìn kan àbọ̀, eré 3, ìrìn 3, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.
Ọ̀sẹ̀ 4: eré 3, ìrìn kan àbọ̀, eré 5, ìrìn méjì àbọ̀, eré 3, ìrìn kan àbọ̀, eré 5.
Ọ̀sẹ̀ 5: ọjọ́ kìíní, eré 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ìrìn 3 láàárín, ọjọ́ kejì, eré 8, ìrìn 5, eré 8, ọjọ́ kẹta, eré 20 láìdúró.
Ọ̀sẹ̀ 6: ọjọ́ kìíní, eré 5, ìrìn 3, eré 8, ìrìn 3, eré 5, ọjọ́ kejì, eré 10, ìrìn 3, eré 10, ọjọ́ kẹta, eré 25.
Ọ̀sẹ̀ 7: eré 25. Ọ̀sẹ̀ 8: eré 28. Ọ̀sẹ̀ 9: eré 30.

Ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Láti 8 bọ́ sí 20! Àṣírí rẹ̀ ni kí ẹ sáré náà jẹ́ẹ́jẹ́ débi pé ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yín. Bí ẹ bá lè máa bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀ lọ láìgé e, eré yín tọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́. Ẹ má ta gìjà. Ìgbésẹ̀ kúkúrú ló ń dá orúnkún sí.

Ọjọ́ ìsinmi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó. Èémí máa ń tètè mọ eré, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù ni wọ́n fi ń le. Nígbà tí èémí bá ní ká lọ, tí ojúgun kò tíì ṣe tán, ibẹ̀ ni ìpalára ti ń wá. Kí ara ro èèyàn díẹ̀ lọ́jọ́ kejì kì í ṣe nǹkan. Bí ojú kan pàtó lórí ojúgun bá ń dunni nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sinmi títí yóò fi lọ. Àyà dídùn tàbí òòyì ní tirẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ sáré kí oòrùn tó mú. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn àmàlà. Ó kéré tán, kí wákàtí méjì kọjá. Ní Nàìjíríà, ẹ gba apá òsì títì, kí ẹ lè rí ọkọ̀ àti ọ̀kadà tó ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá ọ̀tún ni. Ẹ wọ aṣọ funfun bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́.

Bí àìsàn tàbí òkú ilé bá gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ yín, ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí ẹ dé, kí ẹ máa bá a lọ láti ibẹ̀.