Ẹ ka àṣìṣe náà ná kí ẹ tó ya fọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tó bá jẹ́ Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) ló kọ ọ̀rọ̀ pupa gbọọrọ sí yín lójú, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ lorúkọ àṣìṣe wà; nọ́ńbà ìlà kóòdù wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Ti C, èdè kọ̀ǹpútà míì, yàtọ̀: àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ tún ṣe, torí sẹmikólọ̀n (;) kan tó sọnù lè bí ogún àṣìṣe míì.

Lánàá, wọ́n mú iná lọ ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí iná dé, mo ṣí terminal tuntun (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ó ní:

`ModuleNotFoundError: No module named 'flask'`

Flask, àkójọ kóòdù Python tí a fi ń kọ́ ìkànnì, tí mo lò láàárọ̀! Gààrí mi ti wú nínú omi kí n tó rántí pé n kò tíì tan venv padà, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ tí mo kó Flask sí. Mo tẹ `source venv/bin/activate`, ó tán. (Ti Windows ni `venv\Scripts\activate`.)

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bèèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kópì ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà gan-an wá dípò fọ́tò, ká lè wá a lórí Google. Ẹ kọ́kọ́ yọ password kúrò o.