Fífi ògiri kíláàsì kọ́ni ní àròkọ Yorùbá

Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé olùkọ́ nìkan ni yóò ka àròkọ òun, nítorí máàkì ló ṣe ń kọ ọ́. Bó bá mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò dúró kà á, yóò wá ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ sọ. Ìdí nìyí tí a fi ń lẹ àròkọ mọ́ ògiri kíláàsì.

Ó tún ń dín wàhálà olùkọ́ kù. Bí ọmọ bá jẹ́ ọgọ́ta, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ méjìlá, márùn-ún márùn-ún. Kí ẹgbẹ́ mẹ́ta máa lẹ tiwọn lọ́sẹ̀ kan. Àròkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ ó fara balẹ̀ kà, ó sì máa kárí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Orí ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́. “Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé” gbòòrò jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti há èyí tí wọn máa kọ sórí. Ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fojú rí: “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ omi ilé ìwé wa” tàbí “Bí ìyá alákàrà ṣe ń po ẹ̀wà títí tó fi ń dín in.” Ọ̀rọ̀ 150 tó fún JSS 2.

Kí wọ́n tó kọ ọ́, kí méjì méjì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yorùbá ẹnu wọn dán ju ti bírò wọn lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n máa fo ìlà kọ̀ọ̀kan, láìfi àmì ohùn sí i rárá. Ọmọ tí ẹ bá ń béèrè àmì lọ́wọ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ yóò máa sá fún ọ̀rọ̀ tó bá èrò rẹ̀ mu, yóò mú èyí tí àmì rẹ̀ dá a lójú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bírò pupa sàmì sí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí. Ẹ kọ ìbéèrè méjì sísàlẹ̀ rẹ̀: “Kí lo gbọ́ nígbà tí ẹ̀wà kan epo?” “Ta ló wà lórí ìlà?” Bí ẹ bá tún gbogbo àṣìṣe ṣe, àtúnṣe yín ni ọmọ máa dà kọ, kò sì ní ronú sí i.

Ọjọ́ kejì ni ti àkọtọ́. Kí wọ́n ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa wá nígbà kọ̀ọ̀kan. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló ṣáájú. Àmì ohùn ló tẹ̀ lé e. Kíkà sókè sí etí ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi wá a, nítorí ẹni tó bá kọ “ọkọ rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà” yóò gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ pé mọ́tò lòun ń sọ. Ní ìgbẹ̀yìn, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n so pọ̀: “nígbà tí”, “ohun tí”, “pé kí”.

Kádíbọ́ọ̀dù ńlá méjì máa ń gba àròkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò bá ju ojú ewé kan lọ. Ẹ lẹ ìwé pélébé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn òǹkàwé. Ẹ gbé e sí ibi tí ojú ọmọ tó kúrú jù máa tó, kó sì jìnnà sí fèrèsé tí òjò ń fẹ́ gbà wọlé. Bí ọmọ bá kọ àṣírí ilé wọn, ẹ dá a padà kí ẹ tó lẹ ẹ́.

Ẹ má gba “Ó dára” lọ́wọ́ òǹkàwé. Kó da gbólóhùn kan tó wù ú kọ, kó béèrè ohun kan tí kò yé e, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i kí èébú má baà wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tó ni àròkọ já a, kó fi ìdáhùn sí ìbéèrè kan, ó kéré tán, kún un. Èyí tó bá tún kọ yìí ni kí ẹ fún ní máàkì.