Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń béèrè, tí ó sì ń dáhùn

Àṣìṣe kìíní, tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ, ni kí ènìyàn dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò lórí ráútà (ẹ̀rọ tí ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì) kan ṣoṣo, kí ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá pàdé ní Wuse àti Gwarinpa ní Abuja a máa so kọ̀ǹpútà mẹ́ta pọ̀ nínú yàrá kan. Bí ọ̀kan bá ti pe èkejì tí ó dáhùn, wọ́n á lọ gbowó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọ̀kan dé Kaduna, tí ó wá ń lo dátà fóònù, kò sí èyí tí yóò tún rí èkejì pè.

Ìdí rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì IPv4, nọ́mbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì kárí, nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan. Bí àdírẹ́sì tí ẹ rí lórí fóònù bá wà láàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, abala tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 2012, ẹ mọ̀ pé fóònù náà lè pe ìta, ṣùgbọ́n ìta kò lè ṣàdédé pè é.

Ẹgbẹ́ kan ní Utako gbọ́ èyí, wọ́n ra àdírẹ́sì tí kì í yí padà fún ọ́fíìsì kan, gbogbo ẹ̀ka sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí iná lọ ní ọ́fíìsì náà ni gbogbo ẹ̀ka dákẹ́. Owó ńlá ni wọ́n ná, sáfà lásán, ẹ̀rọ kan tí gbogbo ìyókù gbára lé, ni wọ́n kọ́! Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ̀rọ méjèèjì kọ́kọ́ bi sáfà STUN nípa àdírẹ́sì tí ìta fi ń rí wọn, kí wọ́n fi han ara wọn, kí wọ́n sì fi UDP (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ránṣẹ́ sí ara wọn ní àkókò kan náà, kí ọ̀nà lè là. Níbi tí èyí bá ti kùnà, sáfà TURN ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn, gbogbo dátà tí ó bá sì gba ibẹ̀ kọjá ni ẹ ó sanwó fún. Ẹ ṣírò owó yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Àṣìṣe kejì ni kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé aago ẹ̀rọ mìíràn láti mọ ìránṣẹ́ tí ó ṣáájú; aago ẹ̀rọ méjì lè má bára mu.

Mo tún máa ń rí ẹ̀rọ tí ó bá béèrè, tí ó sì dá gbogbo iṣẹ́ dúró títí ìdáhùn yóò fi dé. Bí èkejì náà bá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò yẹn, àwọn méjèèjì yóò máa dúró de ara wọn. Ẹ ya apá tí ń dáhùn sọ́tọ̀ kúrò lára apá tí ń béèrè.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ń já lè mú kí ìránṣẹ́ kan dé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ láti yọ owó, ẹ fún un ní nọ́mbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ tí ó gbà á lè mọ̀ pé òun ti ṣe é, kí ó sì dá ìdáhùn ti àkọ́kọ́ padà dípò kí ó tún owó yọ.