Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 16 Èkìtì kò sá lọ mọ́

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kó jọ láti fi há orúkọ wọ̀nyí sórí. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: méje ló fi I bẹ̀rẹ̀, bí Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti Ìdó-Òsì, mẹ́ta sì fi Èkìtì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí etí ń gbọ́ nínú orúkọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ (Ọ̀yẹ́), ẹfọ̀n ńlá kan ń gbọ̀n (Ẹ̀fọ̀n), ó da ẹmu nù (Ẹmùré), ó ń gbọn oyin kúrò lórí (Gbọnyin), ó yí ilé méje ká (Ìlejemeje). Àwòrán kan, orúkọ márùn-ún. Ẹ má kó ju márùn-ún sínú ìtàn kan, yóò dàrú. Àwọn Èkìtì mẹ́ta, olú-ìlú wọn ni kí ẹ fi mú wọn: Ọ̀mùò (Ìlà-Oòrùn Èkìtì), Arámọkọ (Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì), Ìláwẹ̀ (Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì).

Ẹ ṣọ́ ohùn o! Ohùn ọ̀rọ̀ ìrántí lè yàtọ̀ sí ti ìlú. Ẹ kọ ìtàn sápá òsì ìwé, orúkọ gidi sápá ọ̀tún. Ẹ fọwọ́ bo ọ̀tún, kí ẹ pè é, lọ́jọ́ kejì, kẹrin àti kẹjọ. Èyí tó bá bọ́, ẹ pààrọ̀ àwòrán rẹ̀.