Oògùn Ìtọ̀ àti Potassium: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Bí Moduretic, oògùn ìtọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bá tán ní kẹ́míìsì tí ẹ ti ń rà á ní Tàkíè, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má gba Lasix dípò rẹ̀ torí pé méjèèjì ló ń mú kéèyàn tọ̀. Amiloride 5 mg àti hydrochlorothiazide 50 mg ló wà nínú hóró Moduretic kan. Ti àkọ́kọ́ ń dá potassium, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, dúró sára, ti èkejì ń bá ìtọ̀ kó o jáde. Lasix, tí í ṣe furosemide, ń kó o jáde ni. Kò ní ohun tó ń dá potassium dúró kankan nínú.

Iye potassium tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni 3.5 sí 5.0 mmol/L. Bó bá lọ sílẹ̀, ó máa ń rẹni, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà, ìgbẹ́ á le, ọkàn á máa lù ségesège. Ẹni tó ń lo digoxin, oògùn ọkàn, ni tirẹ̀ léwu jù. Bó bá lọ sókè, ara lè máà sọ nǹkan kan rárá títí dìgbà tí ọkàn bá dàrú.

Ẹ má fi àgbò jẹ̀dí kún Lasix. Ìgbẹ́ gbuuru náà ń gbé potassium lọ, omi ara ń gbẹ, kídìnrín ló sì ń jìyà rẹ̀. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá dé fúnra rẹ̀, ẹ pe dókítà kí ẹ tó lo oògùn tó kàn.

“Ẹ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀” ti di ìmọ̀ràn ẹnu gbogbo ayé. Kì í ṣe ti gbogbo aláìsàn. Ẹni tó ń lo spironolactone (oògùn ìtọ̀ tó ń dá potassium dúró) pẹ̀lú lisinopril tàbí losartan (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn náà ń dá a dúró), tí kídìnrín rẹ̀ kò sì lágbára mọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn lè ti potassium rẹ̀ kọjá 6.0, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn. Iyọ̀ àrọ́pò tí wọ́n ń polówó fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru tún burú jù: potassium chloride ló pọ̀ nínú rẹ̀. Diclofenac àti ibuprofen tí àwọn àgbà ń gbé mì nítorí orúnkún náà ń dá potassium dúró.

Slow-K, hóró potassium tí dókítà ń kọ fún ẹni tí tirẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ jókòó, ẹ fi ife omi kan gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má baà dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹ kó wáyé kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí yí iye rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹ má máa di ọwọ́, tú ọwọ́, torí ó lè mú kí èsì potassium ga ju òótọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó sì wà lórí tábìlì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé lábù lè fi potassium hàn ju bó ṣe wà lára lọ.