Bí mo ṣe fi pátákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àròkọ

Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní Èbúté Mẹ́ta. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé àròkọ wọn jọra jù. Tí mo bá ní kí wọ́n kọ nípa ọjà, gbogbo wọn á kọ ọ́ pé, "Ọjà ni ibi tí a ti ń rà tí a ti ń tà." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì l'Ọ́yìngbò pàápàá, ohun tó ń kọ nìyẹn. Mo rò ó títí, mo rí i pé èmi nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, máàkì ni wọ́n sì ń wá. Ta ló máa sọ ìtàn gidi fún ẹni tó jẹ́ pé àṣìṣe ló ń wá kiri?

Mo bá tọrọ pátákó tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ibi táwọn ọmọ ti ń ra oúnjẹ. A ń lẹ àròkọ díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bébà òfìfo sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó bá kà á. Òfin kan ni mo ṣe: ẹ má kọ "ó dáa" lásán, ẹ béèrè ohun tí ẹ ṣì fẹ́ mọ̀.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ ìtàn Akéde Èkó fún wọn, ìwé ìròyìn tí I. B. Thomas ṣe olóòtú rẹ̀. Láàárín 1929 sí 1930, lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ń jáde níbẹ̀, ó ń ròyìn ayé rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́! Ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń fi orin ìgboro sí i. Ariwo ta ní kíláàsì.

Ọmọ onítòmátì yẹn kọ tirẹ̀, ó fi òwe bẹ̀rẹ̀: ọjà Ọyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ọmọ SS3 kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Lọ́jọ́ tí màmá ẹ ò bá wá, ta ló ń bá wọn tajà?" Ó mú bébà náà lọ sílé. Nígbà tó tún un kọ, ó ròyìn ọjọ́ tí ibà dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀: ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ wọn bá wọn ta apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ó ṣa èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀, ó di owó sínú ọ̀rá dúdú, ó fi rán ọmọ náà sílé. Ó wá kọ ọ́ pé, "Ọyìngbò mọ̀ pé màmá mi ò wá." Inú mi dùn dé ìdí! Àmọ́ a gba àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ká tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé onílé kì í ṣe ohun tí à ń gbé síta bẹ́ẹ̀.

Àmì ohùn ló ń kẹ́yìn. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dúró, ọmọ méjì á jókòó, ẹnì kan á ka iṣẹ́ ìkejì sókè. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá ti kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yẹ àmì wò. Tí bírò pupa bá ti kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀, ẹ̀rù á ba ọmọ, kò sì ní sọ nǹkan kan mọ́.

Lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ la wà báyìí. Gọ́tà iwájú géètì ni wọ́n fẹ́ kọ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lé lórí. Wọ́n ṣì ń bára wọn jiyàn lórí ìpínrọ̀ kejì. Tí wọ́n bá parí rẹ̀, a máa gbé e lọ fún un.