Bí mo ṣe fi REW (sọ́fítíwíà tó ń wọn ohùn yàrá) tún ohùn yàrá mi ṣe kí n tó mix orin ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mix orin nínú yàrá gbígbé lásán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ń kówó lé sípíkà tuntun nígbà tó jẹ́ pé yàrá gan-an ló ń parọ́ fún wa.

Yàrá tí mo ń lò ní Under-G yìí, ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 10 lóròó, búlọ́ọ̀kù yíká, táìsì nílẹ̀, lándílọ́ọ̀dù ò sì gbà ká kan ìṣó mọ́ ògiri. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ burú gan-an fún béèsì. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ńdù kan, tí ògiri méjì bá wá fi mítà 3 àti díẹ̀ jìnnà síra, ohùn tó bá wà ní bíi 56 Hz (tó ń gbọ̀n nígbà 56 ní sẹ́kọ́ńdù kan) á máa lọ á máa bọ̀ láàárín wọn, á wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á sì pòórá láàárín yàrá gan-an, tí ìbú àti òró bá tún wá dọ́gba báyìí, wàhálà méjèèjì á bọ́ sójú kan náà. Okùn A tí wọn ò tẹ̀ lára gìtá béèsì, 55 Hz ni. Ọmọkùnrin tó ta béèsì sórí orin ìyìn tí mo ń ṣe jókòó sórí àga mi, ó gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, A mi dà? Mo ta á o." Òótọ́ ló sọ, ó ta á, yàrá ló gbé e mì.

Ọ̀fẹ́ ni REW. Máíkì UMIK-1 ni mo fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀gbọ́n kan tó ń bójú tó sáùǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Takie ló yá mi. USB ni, kì í ṣe máíkì orin, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ lẹ máa tẹ̀ sórí sáìtì miniDSP tó ṣe é kẹ́ ẹ tó rí fáìlì calibration tiẹ̀ (èyí tó ń tún àṣìṣe máíkì náà ṣe) gba, ẹ má fo fáìlì yẹn o.

Àga ni mo kọ́kọ́ sún, kí n tó wọn ohunkóhun. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyí: sọ́fítíwíà lè gé ohun tó wú, kò lè dá ohun tó ti pòórá padà. Tẹ́ ẹ bá ní kó fi 10 dB (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) kún 56 Hz níbi tí ohùn ti ń pa ara ẹ̀, èyí tó ń bọ̀ láti ara ògiri náà á lé sí i, á tún pa á, sípíkà á kàn máa jìyà ni. Mo wá gbé tábìlì kọjú sí ògiri, tó fi jẹ́ pé etí mi ò tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí i, bíi 38 nínú ọgọ́rùn-ún òró yàrá, sípíkà méjèèjì sì dọ́gba pẹ̀lú etí.

Ìdájí ni mo wọ̀n ọ́n, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ti dákẹ́ tí iná sì wà. Mo pa fáànù, mo gbé máíkì síbi tí orí mi máa ń wà, mo tẹ Measure. Ohùn kan á máa kùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, á máa gòkè títí á fi di fíín. Mo sún máíkì díẹ̀díẹ̀ yí ibi tí orí ń dé ká, mo sì ní kí REW ṣe ìpíndọ́gba gbogbo ẹ̀. Ohùn okùn A béèsì yẹn ti padà, ṣùgbọ́n 112 Hz dìde fíofío, ó fi bíi 9 dB ga ju àwọn tó yí i ká lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ẹni tó bá ń mix síbẹ̀ á máa gé akọrin àti ìyá ìlù láìnídìí, tórin bá wá dé inú mọ́tò, kò ní lékè.

Nínú EQ REW, ìyẹn ibi tó ti ń gé ohùn tàbí kún un, 40 sí 300 Hz ni mo fún un láti tún ṣe, mo sì fi max boost sí 0, kó máa gé nìkan. Òkè 300, mi ò fọwọ́ kàn án, torí ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ á yí padà tẹ́ ẹ bá ti yí orí díẹ̀. Mo kó filter yẹn (àtúnṣe tí REW ṣe) jáde bíi fáìlì WAV, mo gbé e sínú ReaVerb, lábẹ́ Monitoring FX nínú Reaper, sọ́fítíwíà tí mo fi ń mix. Ibẹ̀ ló dáa jù, torí kì í wọ inú orin tẹ́ ẹ bá ń render (kó orin jáde di fáìlì). Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ sórí master (ibi tí gbogbo orin ń gbà jáde), ì báà jẹ́ SoundID Reference, sọ́fítíwíà mìíràn tó ń tún ohùn yàrá ṣe, tàbí èyí tó wù kó jẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ pa á kẹ́ ẹ tó render, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa kó àrùn yàrá yín lọ bá olórin.

Tí mo bá pàtẹ́wọ́ nínú yàrá yìí, ó ṣì ń dún tá-tá-tá, sọ́fítíwíà ò lè ṣe ìyẹn. Fóòmù ibùsùn tí mo gbé dúró sí ẹ̀yìn àga ló dín in kù. Mo fi orin náà dán sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wò, ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀ ketekete, béèsì sì dúró sáyè ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tẹ́ ẹ bá sún àga tàbí sípíkà pẹ́nrẹ́n, ẹ tún un wọ̀n, ti àtijọ́ ò bá ibi tuntun mu mọ́.